Gàtó Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Òórùn ló dá mi dúró ní Dásà, kì í ṣe ọkọ. Bàbá àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i mọ́. Òun ni mo bá wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé, ẹnu ọ̀nà yàrá kan ṣoṣo tó gbà fún wa lẹ́yìn ọjà ni mo jókòó sí, tí mò ń sunkún ilé bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Afẹ́fẹ́ kan wá fẹ́ láti ìhà ibùdókọ̀ ojú irin, ó gbé òórùn bọ́tà àti ẹyin àti ṣúgà tó ń pọ́n lórí iná wá bá mi. Ẹkún dá. Mo fi etí aṣọ mi fun imú, kì í ṣe nítorí ìtìjú, kí n lè gbóòórùn náà dáadáa ni.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Àbúrò ìyá mi obìnrin ń ṣe búrẹ́dì, ìdí ààrò rẹ̀ ni mo dàgbà sí, ó sì dá mi lójú nígbà náà pé kò sí òórùn ìyẹ̀fun kan tí imú mi kò mọ̀. Ti Dásà yìí ṣàjèjì sí mi. Búrẹ́dì tiwa a máa ta sánsán bí ilé tí wọ́n ti jẹun yó. Èyí ń ta sánsán bí ilé tí wọ́n ti ń ṣọdún. Mo sọ fún ara mi pé bí n ó tilẹ̀ padà sílé lọ́la, n ó kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú ààrò yẹn.

Ọdún kejì tí Dàhòmì, orílẹ̀-èdè tí Dásà wà, gba òmìnira ni. Àwa náà ní Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tiwa, gbogbo wa sì ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Ṣùgbọ́n òmìnira ò sọ fún mi pé ìlú tó ṣe é fi ẹsẹ̀ dé lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni òkúta. A ní òkè nílé, ṣùgbọ́n ní Dásà, òkúta gan-an ni onílé, èèyàn ló wá bá wọn gbé. Wọ́n dúró sẹ́yìn ilé, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òmíràn jókòó lé òmíràn lórí bí ẹni pé yóò ré bọ́ lọ́sàn-án yìí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò lè gba abẹ́ wọn kọjá láì sáré.

Ẹ̀rù kejì ni èdè. Ìdáàṣà tí wọ́n ń sọ àti Yorùbá wa, ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan dàgbà sílé, èkejì lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí bàbá. Mo máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, mo máa ń gbọ́ ìparí rẹ̀, àárín a sì sá mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn tó lọ iléèwé tún ń fi Faransé bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ wọn tí mo bá kọ síbí, bí etí mi ṣe gbọ́ ọ ni mo kọ ọ́, kí ará Dásà tó bá kà á jọ̀wọ́ foríjì mí.

Làmídì, ọkọ mi, ń ta abọ́ tánganran àti aṣọ. Ọjọ́ ọjà Pawinyan yóò bá a ní Pawinyan, ti Kèrè yóò bá a ní Kèrè, nígbà míì yóò dé Tré kó tó yí padà. Bó bá dé, a máa rẹ́rìn-ín, a máa jẹun. Bó bá lọ, èmi àti ògiri ni. Mo kí ògiri títí ó fi sú mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, àìríẹnibásọ̀rọ̀ burú ju ebi lọ, nítorí ebi máa ń tán bí èèyàn bá jẹun.

Nítorí náà mo tọ òórùn náà lọ.

Ilé pẹlẹbẹ kan ni lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Obìnrin sísanra kan tó wé gèlè pupa jókòó lẹ́yìn àpótí onígíláàsì, ó fi ewé ń lé eṣinṣin. Ìyá Lúsíà ni, ìyàwó ẹni tó ni ilé gàtó náà.

"Kí lo fẹ́ rà?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Mo fẹ́ wò ni."

"A kì í ta wíwò níbí."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń wò. Inú gíláàsì yẹn kún fún ohun tí n kò rí rí: àwọn kan tẹ̀ bí oṣù tuntun, wọ́n ń dán lára, àwọn kan rí róbótó bí ẹyin awó, wọ́n bu ṣúgà lílọ̀ lé wọn lórí, àwọn kan sì ní ìpele lórí ìpele bí ìwé tí wọ́n ká jọ. Wọ́n ń fi Faransé pe gbogbo wọn ní gàtó, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní orúkọ ilé tirẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tó gbẹ bí igi ìdáná yọ láti ẹ̀yìn, aṣọ funfun lára rẹ̀, ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú. Rafaẹ́lì, ọkọ Ìyá Lúsíà, nìyẹn, tí gbogbo ìlú ń pè ní Mùsé, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lédè Faransé. Ọmọ Dásà pọ́ńbélé ni. Ó ti se oúnjẹ fún òyìnbó ojú irin kan ní Kùtọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí òyìnbó náà sì ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, gbogbo páànù gàtó rẹ̀ ló fi jíǹkí rẹ̀. Ó di páànù sínú ọkọ̀ ojú irin, ó padà wá sí àárín òkúta bàbá rẹ̀, ó mọ ààrò.

Mo ní mo ń wá iṣẹ́. Ó wo ọwọ́ mi, kò wo ojú mi.

"Ṣé o mọ ìyẹ̀fun?"

"Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Bàbá."

"Ti Nàìjíríà yẹn? Èyí tí ẹ máa ń gbá mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bá a jà?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹ̀fun tèmi kì í jà. Ṣùgbọ́n abọ́ pọ̀ nílẹ̀, iná náà sì ń fẹ́ ẹni tí yóò dá a."

Bí mo ṣe di afọpáànù nìyẹn. Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó yọ, mo ti dá iná sí ààrò. Lẹ́yìn náà n ó jókòó ti omi gbígbóná, n ó máa fi iyanrìn ha ìdí páànù. Mùsé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìyẹ̀fun òun. Bó bá fẹ́ pò ó, yóò kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ nìkan la máa ń rí. Mo kọ́ gbogbo ohun tí èjìká èèyàn lè kọ́ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ̀kan wò kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ṣúù ni wọ́n ń pe èyí tó rí róbótó yẹn. Òfìfo ni inú rẹ̀ tó bá jáde láti inú iná. Mùsé yóò wá fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan fún kírẹ́ẹ̀mù sí i nínú, wàrà àti ẹyin àti ṣúgà tó sè pọ̀ títí ó fi ki. Òfin rẹ̀ ni pé a kì í fún un sí i àfi tí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ bá ti dúró síwájú wa, nítorí oòrùn Dásà kì í fi kírẹ́ẹ̀mù ṣeré. Ìyá Lúsíà fún mi ní ọ̀kan tó wọ́. Mo bù ú jẹ bí ẹni tó bu àkàrà, kírẹ́ẹ̀mù náà ya jáde láti ìhà kejì, ó dà sí mi ní àgbọ̀n, ó dà sí àyà bùbá mi. Ìyá Lúsíà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi ìka nu àyà mi lá. Inú mi dùn débi pé mo ní kí n jó. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Lúsíà ti ń pè mí ní "ọmọ mi", àfi tí inú bá ń bí i, nígbà náà ni mo máa ń di "ará Nàìjíríà".

Gàtó kan wà tí wọ́n ń rẹ sínú ọtí. Mùsálùmí ni mí, n kì í súnmọ́ ọn, Ìyá Lúsíà ló ń rẹ ẹ́. Ó ní inú òun dùn pé ohun kan wà nínú ilé náà tí n kò ní bá òun jẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ, mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ohun ńlá ni nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Lẹ́tà ni a fi dá ọjọ́, ìyá mi sì wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn wá jókòó ti ẹ̀rọ náà. Èmi náà jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Dásà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Akọ̀wé ń pariwo "Àló! Àló!" sí Kùtọnu, Kùtọnu ń pariwo sí Èkó, Èkó ń pariwo sí Ìbàdàn, kí ohùn ìyá mi tó yọ lókèèrè bí ẹni tó wà nínú kànga.

"Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrìn, ẹ kú..."

"Ìkíni tó. Wọ́n ní ẹ̀rọ yìí kì í pẹ́ gé. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mo wà nílé gàtó kan. Mò ń fọ páànù, mo sì ń dá iná."

Mo rò pé ẹ̀rọ náà ti gé.

"Àbúrò mi fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ọ ní búrẹ́dì, o wá ń fọ abọ́ ẹlòmíràn? Ọkọ rẹ ò sì sí nílé ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀. Gbọ́ mi. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tí wọn ò tíì jẹ́ kí o fi ọwọ́ kan ìyẹ̀fun, kó ẹrù rẹ máa bọ̀ nílé. Àbúrò mi ti ń darúgbó, ààrò rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò jókòó tì í. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá mi." Ẹ̀rọ náà gé.

Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa kì í sọ pé òun gbọ́ kó má ṣe é. Mo sọ fún Làmídì. Ó ń fi ìka yí ìdérí abọ́ kan. Ó ní, "Àwọn oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ mí ni. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ, n ó tẹ̀lé ọ. Kí ni n ó dúró ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà wá wúwo sí i, nítorí kì í ṣe ẹrù tèmi nìkan ni òjò yóò kó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run bí ẹni sá èlùbọ́. Bí ìkùukùu bá yọ lẹ́yìn òkè, ọkàn mi a já. Àwọn àgbẹ̀ ń gbàdúrà kí òjò tètè dé, èmi ń bẹ Ọlọ́run kó rọra. Ó yà mí lẹ́nu pé mo fẹ́ dúró. Ìgbà tí mo dé, gbogbo ohun tó wà ní Dásà ni mo fi ń wé ti ilé, kò sì sí èyí tó dọ́gba. Kò pẹ́, mo rí i pé mo ti ń gba abẹ́ òkúta kọjá láì sáré. Pé mo ti ń gbọ́ àárín gbólóhùn. Pé bí ará Kùtọnu bá wọ ilé gàtó tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, èmi gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ bínú. N kò mọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn ìjọ Àgùdà ṣe ọdún Àjíǹde, ẹ̀gún gún Mùsé ní àtàǹpàkò lóko. Ọwọ́ ọ̀tún wú bíi búrẹ́dì tó jẹ ìwúkàrà yó. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í títí dé ọrùn ọwọ́. Ọdún Àjíǹde sì ni ọdún tí gbogbo Dásà máa ń jẹ gàtó, títí kan ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Mùsé jókòó sórí àpótí, ó wo Ìyá Lúsíà, Ìyá Lúsíà ní, "Má wo ibí. Títà ni tèmi." Ó wá yí ojú sí mi bí ẹni tó fẹ́ mu oògùn kíkorò.

"Ará Nàìjíríà. Wẹ ọwọ́ rẹ."

Ṣúù ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n gbé omi àti bọ́tà kaná, kí n da ìyẹ̀fun sí i lẹ́ẹ̀kan, kí n sì máa rò ó lórí iná láì sinmi. Mo gbé igi ìròkà. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ki, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Ọkà ni! Òyìnbó ń rokà tí wọn ò sọ fún wa! Mo fi ẹsẹ̀ mú ìkòkò, mo tẹ ìyẹ̀fun náà mọ́ ẹ̀gbẹ́, mo yí i, mo gún un, kò sí kókó kan níbẹ̀ tó lè sá fún mi. Lẹ́yìn náà mo ń fọ́ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń pàṣẹ. Mùsé tẹ̀ síwájú lórí àpótí rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ebi ni, Mùsé. Gbogbo ọmọbìnrin ilé wa ló ń rokà."

Wọ́n jáde láti inú iná ní wíwú, fífẹ́rẹ́, pípọ́n. Ó gbé ọ̀kan, ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ bó ṣe dún. "Bí ti Àjíǹde yìí bá lọ dáadáa," ni ó wí, "ọwọ́ rẹ kò ní kúrò nínú ìyẹ̀fun mọ́. Bí kò bá lọ dáadáa, abọ́ ń dúró dè ọ́." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àrá sán lẹ́yìn òkè. Mo mọ ohun tó ń sọ fún mi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Mùsé àti Ìyá Lúsíà tètè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ wà nínú àwọn akọrin, ìyàwó fẹ́ àga iwájú. Mùsé ní, "Mo fi ilé sí ọ lọ́wọ́." Kò sọ ìgbà tí n ó ta ọjà náà. Ta ni yóò sọ irú ìyẹn fún ọmọ Dásà? Ṣùgbọ́n n kì í ṣe ọmọ Dásà. Ọjọ́ Àìkú, ilé wa ni mo máa ń wà títí Mísà, ìsìn wọn, yóò fi parí, mo sì rò pé ohun tó ń ti ilé gàtó láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé onílé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èrò tí mo rò nìyí. Àwọn èèyàn yìí ti gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Àwa Mùsálùmí, lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, a kì í lọ sí yídì láì jẹ nǹkan. Ẹnu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ túnu. Nítorí náà, kí wọ́n tó wọ Mísà ni wọn yóò fẹ́ jẹun! Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. Mo fún kírẹ́ẹ̀mù sínú gbogbo ṣúù náà, gbogbo rẹ̀ pátá, nítorí pé àwọn olùjẹ yóò dúró síwájú mi láìpẹ́. Mo jí Làmídì. Ó ru àtẹ kan, mo ru àtẹ kan, a padà wá kó ìyókù, a tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lórí òkúta pẹlẹbẹ, a fi aṣọ funfun bò wọ́n.

Àwọn èèyàn dé pẹ̀lú aṣọ ọdún. Mo ṣí aṣọ lórí àtẹ. Mo ní, "Ẹ kú ọdún o! Ẹ wá túnu!" Ọkùnrin kan yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin kan fi ìborùn bo imú. Ọmọ kékeré kan na ọwọ́, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́, ó fà á lọ. Ènìyàn tó ń kí mi lójoojúmọ́ ń gba ẹ̀bá ògiri kọjá bí ẹni tó rí ejò. Làmídì ní, "Bóyá wọn ò tíì mọ̀ pé gàtó ni." Ó gbé ọ̀kan sókè kí wọ́n lè rí i. Wọ́n yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agogo dún, ìta ṣófo, ó ku èmi àti ọkọ mi àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣúù. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mo ní wọn ò fẹ́ mi. Mo ní nítorí pé ọwọ́ àlejò ló ṣe é ni wọn ò ṣe jẹ ẹ́.

Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lódì kejì ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan ni, tó jókòó sí ìloro rẹ̀, tó ń pa ẹ̀pà. Òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ ló ń bọ, ṣọ́ọ̀ṣì kò kàn án.

"Ọmọ, ta lo fẹ́ kí ó jẹ ẹ́? Wọn kì í fi oúnjẹ kan ẹnu kí wọ́n tó gba ara Olúwa wọn. Èmi tí n kì í bá wọn lọ mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ̀n? Lónìí ọdún?"

"Pàápàá lónìí ọdún. Ò ń fi oyin pa ẹnu ẹni tó ń gbààwẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ rì bọmi sì pọ̀ lónìí, wọn ò ní jáde títí oòrùn á fi gun orí."

Ẹkún mi dá lójijì, nítorí ẹ̀rù ti gba ipò rẹ̀. Wọn ò kọ̀ mí. Èmi ni mo ṣi ọjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kírẹ́ẹ̀mù ti wà nínú ṣúù, oòrùn sì ti ń yọ lẹ́yìn òkè. Bí a bá ru wọ́n padà sí ilé gàtó, inú yàrá ààrò ni, ó gbóná ju ìta lọ. Kírẹ́ẹ̀mù yóò kan, n ó padà sídìí abọ́, òjò yóò rọ̀, n ó di ẹrù.

Mo bi ìyá náà, "Ìyá, níbo lẹ ń fi omi mímu yín sí?"

Ó fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ilé. Àpáta ńlá méjì fi orí kan ara wọn níbẹ̀, oòrùn kì í dé àárín wọn. Ìkòkò omi mẹ́rin ló rì dé ìdajì nínú iyanrìn tútù. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, mo ní kó yá mi ní ìkòkò rẹ̀.

"Omi mi ńkọ́?"

Làmídì ní, "Èmi ni n ó pọn òmíràn, Ìyá. Títí di ọdún tó ń bọ̀, bí ẹ bá fẹ́."

Ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. "Da omi náà síbẹ̀, lára iyanrìn. Kí ìdí wọn máa tutù."

A nu inú àwọn ìkòkò náà gbẹ, mo tẹ́ ewé tí mo ti nù dáadáa sí i, mo to àwọn ṣúù ní ìpele ìpele, mo fi aṣọ gbígbẹ bo ẹnu wọn. Mo fi àpò tí a rẹ sínú omi wé ara ìkòkò níta. Bí àpò bá ń gbẹ, n ó wọ́n omi sí i. Làmídì bọ́ fìlà, ó ń fi fẹ́ ẹ. Olùbọ òrìṣà kan àti Mùsálùmí méjì, a jókòó ti gàtó ọdún Àjíǹde, a ń gbọ́ orin láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dá ohùn Mùsé mọ̀ nínú àwọn akọrin, ó ń kọrin pẹ̀lú ayọ̀, kò mọ ohun tó ń dúró dè é.

Oòrùn ti gun orí kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ebi ti pa wọ́n, ooru ti mú wọn, òógùn bo gbogbo aṣọ ọdún. Mo gbé àwo àkọ́kọ́ jáde láti àárín àpáta. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbá lọ́wọ́ láàárọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó bù ú jẹ, ó dúró gbọnrangandan, ó ké pe ìyá rẹ̀: "Ó tutù!" Ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya wá bí omi. Ní Dásà, kò sí ẹni tó jẹ gàtó tútù rí, nínú oòrùn Àjíǹde kẹ̀! Kí n tó mọ̀, àwọn èèyàn ti tò yí ilé ìyá arúgbó ká.

Mùsé la àárín wọn kọjá pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì. Ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kí o fún kírẹ́ẹ̀mù sí wọn nínú sílẹ̀? Kí ni òfin mi?"

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí Ìtúnu Ààwẹ̀ dé orí ìkòkò. Ìyá Lúsíà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mùsé na ọwọ́ òsì, ó mú ṣúù kan. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mùsé."

"Ṣúù kì í rọ̀."

Bàbá àgbàlagbà kan tí kò ní eyín kan lẹ́nu ń jẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Rafaẹ́lì, dákẹ́ ẹnu rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti dé láti Kùtọnu, òní ni mo kọ́kọ́ lè jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mùsé bù ú jẹ. Ó pa ojú dé. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún mú òmíràn, ó jẹ ìyẹn náà tán, ó lá ìka.

"Lọ́la," ni ó wí, "kí oòrùn tó yọ. Kì í ṣe ìdí abọ́. N ó wá ẹlòmíràn tí yóò máa fọ abọ́."

N kò mọ bí mo ṣe dìde. Mo dì mọ́ Ìyá Lúsíà, mo dì mọ́ Làmídì lójú gbogbo ìjọ, ohun tí ìyàwó kì í ṣe. Ìyá arúgbó mú ṣúù tirẹ̀, ó já díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ àpáta fún àwọn ará ilé rẹ̀ tó ti lọ, ó ní kí àwọn náà tọ́ ọ wò, ó wá jẹ ìyókù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Mo dúró sínú rẹ̀ títí ó fi rẹ mí dé egungun, Làmídì ń pè mí wọlé, mo ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọdún náà, Mùsé fúnra rẹ̀ ra ìkòkò mẹ́fà sí ẹ̀yìn ilé gàtó. Àwọn tó fẹ́ èyí tó ń dún kẹ́kẹ́ ń gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn tó fẹ́ tinú ìkòkò ń gba tinú ìkòkò, èyí kejì ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọjọ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé èèyàn yóò di ará ìlú lọ́jọ́ tí kò bá ṣe àṣìṣe àlejò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Àṣìṣe àlejò tó ga jù lọ ni mo ṣe, ìyẹn ni wọ́n sì fi mọ̀ mí, tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín sí mi ní ọjà títí di òní. Ẹni tí wọn ò kà sí tiwọn, wọn kì í fi í ṣẹ̀fẹ̀ báyẹn.

Mo ṣe gàtó gbígbẹ tó lè rìn jìnnà, mo dì í sínú àpótí, awakọ̀ kan tó ń lọ sí Nàìjíríà bá mi gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, lẹ́tà dé pé ìyá mi yóò wà nídìí ẹ̀rọ. Mo tún jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ, nítorí mo ti ṣèlérí pé bí òjò bá rọ̀, mo ń bọ̀. Ọwọ́ mi ti kan ìyẹ̀fun lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ìyẹn yóò tó lójú ẹni tó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀.

"Àpótí rẹ dé," ni ohùn ìyá mi wí.

"Ẹ jẹ ẹ́, Ìyá mi?"

"Ó ti rún wómúwómú. Gààrì ni mo fi mu ún. Àbúrò mi fi ìka nu gbogbo ìdí àpótí náà, kò fún ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, òjò ti rọ̀ níbí."

"Ó ti rọ̀ níbí náà. Ọwọ́ ta ló ṣe ohun tó wà nínú àpótí yẹn?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ìyá mi."

Mo gbọ́ tí ìyá mi fa imú. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ nǹkan lẹ́yìn, ìyá mi sì ní kó dákẹ́.

"Àbúrò mi ní òun kò lè kọ́ ọ ní irú èyí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun yóò wá ẹlòmíràn sídìí ààrò. Dúró síbẹ̀, kí o kọ́ ọ tán. Bá mi kí ọ̀gá rẹ. Kí ọkọ rẹ." Ohùn náà gbọ̀n díẹ̀. "Ṣé orí ìkúnlẹ̀ lo wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo wo ilẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì wà lórí simẹ́ńtì ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé àti gbogbo àwọn tó wá ra sítáǹpù ń wò mí, n kò sì mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

"Dìde, ọmọ mi. Ìyẹ̀fun kì í dúró de èèyàn."

Ẹ̀rọ náà gé. Mo dìde, mo gbọn eruku lórúnkún, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.